Ìgò Mẹ́ta Láti Inú Kòtò Kan

"Rejoice, dúró ná! Ìgò mẹ́ta ni mo gbọ́dọ̀ bù kí n tó lọ síbikíbi."

"Ìgò, ìgò, ìgò! Àfi bí ẹni tó ń kiri ọtí ẹlẹ́rìndòdò." Rejoice ti ká apá aṣọ ilé ìwé rẹ̀ sókè, ó ń wo ojú ọ̀nà. "Bushrah, wọ́n ti ń ya fídíò orin ọ̀hún ní ìkóríta Takie. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹni tó bá dé kí aago mẹ́rin tó lù yóò wà nínú rẹ̀. Ta ni yóò rí ọ nínú omi níbí? Àkèré?"

Bushrah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun sì ni ilé ìwé wọn yàn láti máa bu omi odò Ẹlẹ́ja fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ náà ní òfin. Ìdí afárá ni yóò kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí, kó tó wá lọ sókè odò, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rú má baà ṣàn bá a nínú ìgò. Yóò fi omi odò ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, yóò kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, yóò rì í, yóò dé e, yóò sì kọ ibi tó ti bù ú àti aago tó bù ú sí i lára. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ.

Ìjọba kò fi ọ̀rọ̀ odò yìí ṣeré. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ kọjá lórí afárá Ẹlẹ́ja a fi ọwọ́ di imú. Omi ẹ̀gẹ́ tí àwọn obìnrin ń fún kí wọ́n tó yan gàrí ń ṣàn wọnú odò tààrà. Ẹja kú tán. Ewúrẹ́ tó bá mu níbẹ̀ a máa gbọ̀n títí yóò fi ṣubú. Bẹ́ẹ̀ Ẹlẹ́ja kò dá dúró: inú odò Ọ̀bà ló ń wọ̀, Ọ̀bà ń wọ Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sínú ọ̀sà, níbi tí omi odò ti ń pàdé omi òkun. Àwọn apẹja ibẹ̀ ń ké pé ọ̀sà ń kú lọ. Ìjọba kò kàn fi ọwọ́ ra ọ̀sà lórí kó sì padà sílé. Ó tọ àìsàn náà dé ibi tó ti ṣẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá kò kó ọlọ́pàá lẹ́yìn. Wọ́n jókòó lórí àpótí pẹ̀lú àwọn ayangàrí, wọ́n gbọ́ tẹnu wọn, wọ́n sì gbẹ́ kòtò mẹ́ta oní-sìmẹ́ǹtì tí omi ẹ̀gẹ́ yóò máa tòrò sí, kí ọkọ̀ tó wá fà á lọ. Láti ìgbà náà, Màdáámù Oyèlékè, ọ̀gá wọn, ń ti Ọ̀yọ́ wá kó ìgò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Kò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Ẹja ti padà sínú odò. Ní oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò kó àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń bu omi lọ sí Èkó, láti lọ wo ibi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun. Orúkọ Bushrah wà nínú ìwé. Kò tíì fojú kan òkun rí.

"Wò ó," Rejoice nawọ́ sí kòtò kẹta, èyí tó wà létí ọ̀nà. "Ṣé èyí kì í ṣe omi ni? Ó mọ́ ju ti odò lọ. Omi ni omi ń jẹ́, jàre."

Lóòótọ́, omi náà mọ́ gaara. Bushrah wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tẹ̀ba, ó bu ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún níbẹ̀. Ó kọ "Afárá" sí ọ̀kan, "Ìsàlẹ̀" sí èkejì, "Òkè" sí ẹ̀kẹta, ó sì kọ aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn kí ó lè jọ òótọ́.

Nígbà tí wọ́n dé Takie, àwọn tó ń ya fídíò ti ń ká wáyà.

Ní Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ àwọn ìgò náà wò ní Ọ̀yọ́, èéfín kò rú níbi ìyan gàrí. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ta okùn pupa yí i ká. Màmá Mọ̀ríámọ̀, ìyá ìyá Bushrah, tó jẹ́ olórí àwọn ayangàrí, wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. "Wọ́n ní májèlé ẹ̀gẹ́ wà nínú odò," ló sọ. Bushrah mọ ibi tí májèlé náà ti wá. Kò wí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kò wí nǹkan kan ní ọjọ́ kejì.

Ní Ọjọ́rú, Màdáámù Oyèlékè fúnra rẹ̀ wá ṣe ìwádìí. Bushrah àti Rejoice ti ilé ìwé dé, wọ́n bá èrò níbẹ̀. Àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa ti ń dúdú, eṣinṣin sì ti bò wọ́n.

"Ẹ má bínú, Màmá," Màdáámù Oyèlékè ń sọ. "Tó bá jẹ́ ìgò ìsàlẹ̀ nìkan ni, ǹ bá ní kòtò ló ń jò. Ṣùgbọ́n ti òkè odò náà rí bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ẹnìkan ń gbé omi ẹ̀gẹ́ lọ dà sókè. A ti ní kí àwọn ará Ìrẹsà tó wà nísàlẹ̀ odò má pọn omi náà mọ́. Bí a kò bá rí ẹni tó ṣe é, a ó ti ibí pa pátápátá ni."

"Ta ni yóò ru omi ẹ̀gẹ́ gun òkè?" Màmá béèrè. "Ṣé èmi tí eegun ẹ̀yìn ń dùn ni?"

Obìnrin kan fi ẹnu tọ́ka. "Ẹ bi ìyàwó Àlàmú! Ṣebí òun ló ń kùn pé ibi kòtò jìnnà."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ tí o kì í gbálẹ̀ ẹsẹ̀ ara rẹ! Ṣé o rí mi ni?" Ìyàwó Àlàmú ti ń tú gèlè láti so ó mọ́ ìdí.

Màmá Mọ̀ríámọ̀ dúró láàárín àwọn méjèèjì. "Ó tó! Màdáámù, èmi ni olórí wọn. Mo lè fi Àlùkùránì búra pé n kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mú ẹnìkan, ẹ mú mi."

Rejoice ja Bushrah ní èékánná. "Dákẹ́ o," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Lọ́la o ó tún omi bù, ọ̀rọ̀ á yanjú. Tó o bá lanu báyìí, Èkó lọ nìyẹn."

Bushrah wo ojú ìyá tó tọ́ ọ. Ẹni tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ ń na ọwọ́ pé kí wọ́n wá mú òun. Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀ kí ó tó mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, èmi ni. N kò dé odò rárá. Inú kòtò kẹta ni mo ti bu ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ìyàwó Àlàmú tún gèlè rẹ̀ wé.

"Kòtò kẹta?" Màdáámù Oyèlékè tún bi í.

"Ó mọ́, mà. Mo rò pé kò séwu."

"Ó mọ́ lójú. Ojú kì í rí májèlé. Ohun tí ìjọba ṣe ra ẹ̀rọ tó ń yẹ omi wò nìyẹn." Kò pariwo. Ó mú ìgò mẹ́ta tuntun jáde látinú ọkọ̀, ó sì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó yá, ṣáájú. Ìdí afárá la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ó gbé omi náà padà sí Ọ̀yọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti dé pẹ̀lú èsì: odò Ẹlẹ́ja mọ́ tónítóní. Òun fúnra rẹ̀ ló tú okùn pupa náà. Kí ó tó lọ sí Ìrẹsà láti fi ọkàn àwọn ará ibẹ̀ balẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn ayangàrí, pẹ̀lú ipò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

"Ẹ foríjì wá," ó ní. "Ohun tí ìgò sọ fún wa la gbà gbọ́."

"Ẹ dìde, ẹ dìde," ni Màmá wí. "Tẹ́ ẹ bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ dákẹ́, ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ wá."

Lẹ́yìn náà ni Màdáámù Oyèlékè pe Bushrah sápá kan. "Ìwọ kò ní lọ sí Èkó. Ẹni tó parọ́ mọ́ odò lókè kò tíì yẹ ní ẹni tí yóò lọ kí i nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò gba iṣẹ́ bíbu omi lọ́wọ́ rẹ. Kò sí ẹni tó mú ọ, o jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, mo lè gbé ìgò lé e."

Omijé lé sí Bushrah lójú, kò sì mọ èyí tó fà á, Èkó ni tàbí ìgò.

Àpò ẹ̀gẹ́ mọ́kànlá ló bàjẹ́. Màmá kò lù ú, kò bú u. Ó kàn nawọ́ sí wọn. Bushrah ru wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lọ sí ààtàn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Rejoice dé, ó ṣẹ́ òṣùká, ó sì gbé èkarùn-ún.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ìjọba lè gbẹ́ kòtò, ó lè ra ẹ̀rọ, ó lè rán òṣìṣẹ́ rere tí kì í fi iṣẹ́ jáfara. Bí ẹni tó di ìgò mú kò bá ṣòótọ́, asán ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá dúró wò yín ṣe ni kí ẹ ṣe dáadáa jù. Ìdajì wákàtí péré ni Bushrah fẹ́ jèrè. Ohun tó ná an ni ọjọ́ mẹ́ta tí iná kò jó lábẹ́ agbada gàrí, àpò mọ́kànlá oúnjẹ tó di ààtàn, àti òkun tí kò fojú rí.