Ilẹ̀kùn tí Ṣubúọlá Fi Òwú Rán Pa

Ṣubúọlá mọ ibi tó lẹ obìnrin inú àwòrán náà mọ́ nínú Bíbélì. Orí òkè ni, níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, ìka ara rẹ̀ ló sì fi tẹ̀ ẹ́ títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí Bíbélì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ọ̀pẹ. Ó nu ojú, ó tún wò. Ó ní bóyá ooru ló yọ́ gọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá irọ́ tì.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni, nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀bọ Ayégúnlẹ̀. Ìlọ́fà ni òun àti Adégbóyè ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ káńsù, ń gbé. Ọdún 1994 là ń wí yìí, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára Ṣubúọlá. Nígbà tí ìkẹta dúró, dókítà ní kó má gun ọ̀kadà mọ́, ló bá gba ìsinmi, ló jókòó sílé. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ kò lè wà lófìfo, ló bá kọjú sí Bíbélì tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú.

Ewé Bíbélì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ṣítáàṣì sí etí ewé, kí àwọ̀ má bàa là kọjá sí òdì kejì. Bó bá gbẹ, á wá kun ọ̀dà. Á fi osùn ṣe ilẹ̀, á fi aró ṣe òjò, á gé ìwé ìròyìn, á lẹ ewé gbígbẹ, á fi abẹ́rẹ́ fa òwú gba inú ìwé náà kọjá. Páálí ìṣáná ló fi kan ọkọ̀ fún Nóà. Mánà tó lẹ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, gààrí gidi ni.

"Ṣúbú," Adégbóyè á ní, "ọjọ́ tí eku bá wọlé yìí, á ka Ẹ́kísódù tán kí ilẹ̀ tó mọ́."

"Ẹ jẹ́ n ráyè. Àdúrà ni mò ń gbà."

Òótọ́ ló sọ. Àdúrà ti sú ẹnu rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló kù tó ń gbà á.

Nígbà tó kan ibi tí Hánà ti ń tọrọ ọmọ, omi lé sójú rẹ̀. Ó ya òkè ẹ̀yìn ìlú, ó ya ọ̀nà tó ń wọ́ bọ̀ látorí rẹ̀ gba ìdí ọ̀pẹ àti etí odò, ó ya ilé tiwọn sí ìsàlẹ̀. Ó wá fẹ́ kí ìyá òun máa bọ̀ lọ́nà náà, kó wá di ọmọ lọ́wọ́ òun. Ó lọ ṣí àpótí ìyá rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó rí kíjìpá aláró kan tó ti gbó, tí òórùn òrí ṣì ń bẹ lára rẹ̀. Kò rí i lára ìyá rẹ̀ rí. Ó ní aṣọ ìgbà ọmọge ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, wọn kì í gé aṣọ òkú kí àgbà ilé tó dárúkọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ìyá Ìdófin, àbúrò ìyá rẹ̀, ló yẹ kó bi léèrè. Ìdófin ò jìnnà, ṣùgbọ́n epo ò sí, ara Ṣubúọlá ò sì gba sùúrù. Ó gé kíjìpá náà, ó fi ṣe aṣọ fún obìnrin tó lẹ̀ mọ́ orí òkè.

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin náà ti ń rìn. Ó kúrò nídìí ọ̀pẹ, ó gba ibi odò kọjá. Inú Ṣubúọlá kọ́kọ́ dùn, ó ní ìyá òun ló ń bọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ń tẹ̀ sí apá òsì, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí í rìn ṣánṣán. Bó bá sì ti ṣí Bíbélì, òórùn òrí ni yóò kọ́kọ́ kí i.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí bà á. Kí oyún méjèèjì tó bà jẹ́, ó ti lá àlá pé ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ yí padà. "Má ṣí i o," ló wí. Ṣubúọlá rántí èyí. Ó fi páálí ìṣáná ṣe ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé inú àwòrán, ó wá fi òwú dúdú rán an pa yípo.

Obìnrin náà dé iwájú ilẹ̀kùn, ó dúró.

Ọmọ inú náà dúró. Oṣù ìkúnlẹ̀ pé, ó kọjá. Nọ́ọ̀sì gbé etí lé ikùn rẹ̀. Ó ní, "Ọkàn ọmọ ń lù, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sí Ìlọrin kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, kó tó rẹ ọmọ náà." Adégbóyè sáré káàkiri ìlú, ó ń wá ọkọ̀ tó lépo.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ìdófin, Ìyá Ìdófin sì dé. Ó bá Ṣubúọlá lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Bíbélì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin inú àwòrán ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, aró tí Ṣubúọlá fi ṣe òjò sì ti ṣàn bò ó. Ṣubúọlá fọwọ́ kan kíjìpá náà, ó tutù rinrin.

Ojú Ìyá Ìdófin lọ síbi aṣọ náà. Ó rọra jókòó.

"Ọmọ mi, níbo lùwọ ti rí kíjìpá yìí?"

"Nínú àpótí ìyá mi ni, mà."

"Kì í ṣe tirẹ̀. Àbẹ̀bí ló ni ín, ìyáálé ìyá rẹ. Kò bímọ. Ẹsẹ̀ òsì ń dà á láàmú, òrí ló fi ń pa á." Ohùn ìyá àgbà náà rẹlẹ̀. "Ùwọ lo wà nínú ìyá rẹ nígbà náà. Ó ní Àbẹ̀bí ń jowú oyún òun. Òjò ká Àbẹ̀bí mọ́ oko lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ sì ti rìnrìn àjò. Kó tó wọ ulé, ìyá rẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó kànkùn títí. Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ lukú ti mú un."

Ṣubúọlá ò fẹ́ gbà á gbọ́. Ta ni ì bá sọ pé ìyá òun, tí í da oúnjẹ fún ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni, lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn nínú òjò?

"Kí ló ń fẹ́ lọ́wọ́ mi, mà?"

"Ohun tó ń fẹ́ nígbà náà ni. Kó wọ ulé."

"Bí mo bá ṣí i, ọmọ ta ni mo máa bí?"

"Ẹni tó bá wọlé lọmọ rẹ."

Ṣubúọlá fọwọ́ lé ikùn. Ọmọ inú rẹ̀ ò tilẹ̀ mira mọ́. Ìyá tó tọ́ ọ ti ní kó má ṣí i, ó sì fẹ́ràn ìyá náà ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ. Ó sunkún díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n bá òun mú bíléèdì. Ó já òwú náà níkọ̀ọ̀kan, ó fi èékánná gbé páálí ìṣáná náà sókè.

Ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Òórùn òrí gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ìlà omi tín-ín-rín sì wà lórí sìmẹ́ńtì, bí ibi tí ẹnì kan ti wọ́ ẹsẹ̀. Kí Ìyá Ìdófin tó lè pe orúkọ Jésù, omi Ṣubúọlá ya.

Kí Adégbóyè tó rí ọkọ̀, nọ́ọ̀sì ti gbé ọmọbìnrin lé Ṣubúọlá lọ́wọ́. Ara ọmọ náà le, àfi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó tẹ̀ sínú díẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkómọ, Yétúndé ni orúkọ tí gbogbo ilé ti ń múra láti pè é. Pásítọ̀ pè é bẹ́ẹ̀, ọmọ figbe ta. Ó tún un pè, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ṣubúọlá gbà á, ó fi ẹnu sí i létí.

"Àbẹ̀bí, káàbọ̀."

Ẹkún dá wáí. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ ti yan orúkọ fúnra rẹ̀.

Pásítọ̀ ní kí wọ́n mú Bíbélì wá kí òun fi kan orí ọmọ. Ṣubúọlá ṣí ti ìyá rẹ̀ lé itan, ó sì rí ewé Hánà. Kò sẹ́nì kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lórí òkè tí kì í ṣe òun ló yà á. Kò wọ aṣọ kankan, aró òjò ń ṣàn lé e lórí. Ó dúró ṣánṣán. Kò síbi tí Ṣubúọlá ò ti lè mọ ìdúró yẹn.

"Ìyá mi," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ máa bọ̀."

Ọmọ náà yí orí sí ìwé náà. Ó na ẹsẹ̀ òsì kékeré, ó fi kan páálí ìṣáná, ilẹ̀kùn náà sì padé.