Òjìji Lójú Nọ́ọ̀sì

Bàtà rẹ̀ ni ayàwòrán náà kọ́kọ́ rí, torí pé ọwọ́ ni obìnrin náà fi gbé e wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Aṣọ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tó gé àlùbọ́sà fún odidi àdúgbò. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀.

"Fọ́tò káàdì ibi iṣẹ́ ni mo fẹ́ yà," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n jọ òkú."

Oníná ni àwọn ènìyàn ń pe ayàwòrán yìí. Kò rẹ́rìn-ín, ó ti rẹ òun náà. Ọdún méjìlá ló ti fi ń tanná sójú àwọn tí kò sùn dáadáa. Ó gbé iná kúrò níwájú obìnrin náà lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó ta aṣọ funfun bo ojú iná náà, ó sì gbé páálí funfun sí òdìkejì kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà síbi tó ṣókùnkùn.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì rí àwòrán náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ò kàn rí ara yín rí ni."

"Ẹ kọ́ mi." Ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti kọ́ ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn kẹ́yìn.

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló ń wà ní ṣọ́ọ̀bù Oníná nìyẹn, tó ń tanná sí ẹyin kan lórí àwo funfun. Ẹyin ni mo wí o! Oníná ní ẹni tí kò bá lè tanná sí ẹyin kó yí róbótó, kó má sún mọ́ ojú ọmọ ènìyàn. Ó kọ́ ọ pé iná tó bá fẹ̀, tó sì sún mọ́ nǹkan, òjìji rẹ̀ á rọ̀. Bó bá kéré, tó jìnnà, òjìji á le, á mú bí abẹ.

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ẹyin kan náà," Nọ́ọ̀sì ní lọ́jọ́ kan. "Ó ti ń rùn, Oníná."

"Dúró kó pa. Wàá ya ọmọ rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi sùn lọ lórí àga. Oníná pa iná kí ooru má bàa dà á láàmú, ó sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń dá àwọn oníbàárà padà: "Ẹ rọra, ẹnì kan ń sùn." Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé, ẹ má wá a síbòmíràn.

Ṣùgbọ́n ìyá Nọ́ọ̀sì, aránṣọ tí orúnkún dídùn ti lé kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò fẹ́ gbọ́. "Òkè òkun ni mo ń gbàdúrà rẹ sí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́yin!" Lóòótọ́, ilé ìwòsàn kan lókè òkun ti fẹ́ gba Nọ́ọ̀sì síṣẹ́. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù nìkan ló kù. Oníná ló yà á.

Wọ́n dá ìwé ìbéèrè físà rẹ̀ padà. Òjìji wà ní apá kan ojú rẹ̀, wọn kì í gbà á. Nígbà tí èsì fi dé, wọ́n ti dáwọ́ gbígba ìwé dúró, ó di oṣù mẹ́fà sí i kí wọ́n tó tún ṣí i.

Ẹ wo nǹkan! Ohun tí ọmọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan mọ̀: iná méjì tó dọ́gba, òjìji ò gbọdọ̀ sí.

"Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni," ìyá ní. "Ó fẹ́ dè ọ́ mọ́lẹ̀."

Nọ́ọ̀sì lọ bá Oníná. "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

Ó lè purọ́, kò purọ́. "Mi ò mọ̀. Ọwọ́ mi ló gbé iná lọ síbi tó ti yẹ ọ́. Mi ò rántí pé ti pásípọ́ọ̀tù ni. Ìwọ ni mò ń wò."

"Oṣù mẹ́fà nínú ayé mi, Oníná." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó dun àwọn méjèèjì wọra. Nọ́ọ̀sì á gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, á lọ sunkún nínú yàrá oògùn, á nujú, á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Oṣù kẹfà pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Oníná kan ilẹ̀kùn wọn, iná méjì lọ́wọ́, aṣọ funfun léjìká.

"Ẹ kú ọ̀sán, Mà. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣí i padà. Mo wá tún un ṣe."

Ìyá ì bá lé e, orúnkún ni kò jẹ́ kó dìde. "Wọlé, kó o tó ṣubú lù mí."

Okùn ló fi wọn iná méjèèjì kí wọ́n lè jìnnà dọ́gba. Ó ya Nọ́ọ̀sì, ó sì gbé àwòrán náà fún ìyá.

"Yéè! Ọmọ mi ló tẹ́ pẹrẹsẹ báyìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn, Mà. Èyí á gbé e dé ọ̀hún."

Ìyá wo iná méjèèjì, ó wo òun náà. Ọkùnrin tó fẹ́ so obìnrin mọ́lẹ̀ kì í ru iná wá láti fi sìn ín sọ́nà. "Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá ọ bínú," ó ní. "Jókòó."

Nọ́ọ̀sì tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì. Kò gbójú sókè. "Wọ́n bi mí níbí pé ta ló ń bá mi bọ̀, kí ló sì jẹ́ sí mi. Ṣé wàá lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀?"

"Ojú ènìyàn wà lọ́hùn-ún náà, àbí?"

"Kí ni kí n wá kọ?"

Oníná fa àga sún mọ́ tábìlì.

"Kọ àfẹ́sọ́nà!" ìyá ní. "Kí ẹ ṣègbéyàwó kí ẹ tó lọ, kí n ráyè sùn!"

"Wọ́n ní kí fọ́tò rẹ náà wà níbẹ̀." Nọ́ọ̀sì tì í jókòó sáàárín iná méjèèjì, ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ya Oníná rí láti ọdún méjìlá. Kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí.

"Gbé àgbọ̀n sókè. Má rẹ́rìn-ín, ọkọ mi, wọn kì í gba ẹ̀rín."

Ó gbìyànjú. Ìgbà mọ́kànlá ló yà á kó tó rí ọ̀kan tí ẹnu rẹ̀ pa dé.