Ohun Tí Ezekiel Fi Kún Kọ̀ǹpútà Dorothy

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ilé náà wà ní Fìdítì, lójú títì. Àwọn tó fojú ara wọn rí i kò tíì kú tán. Wọn kì í fẹ́ sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn ò ní sẹ́.

Dorothy ló ń tẹ̀wé fún gbogbo àdúgbò nínú yàrá iwájú ilé ọkọ rẹ̀. Ó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn tíṣà, ó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn ìjọ. Táìpù àtijọ́ kan ló ti ń lò bọ̀. Ní ọdún 1996, òun àti Adégòkè, ọkọ rẹ̀, sapá, wọ́n lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun ní Ìbàdàn. Àwọn èèyàn ń yà wá wò ó bí ẹni wá wo ọmọ tuntun.

Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí iṣẹ́ bá ti gùn díẹ̀, á kàn dúró gbagidi, gbogbo ohun tí Dorothy ti tẹ̀ á sì dànù. Wọ́n ní mẹ́mọ̀rì rẹ̀ ló kéré, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Kí wọ́n fi òmíràn kún un ló kù.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà wà lábẹ́ wáráńtì. Àwọn tó tà á ti lẹ sítíkà pupa kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ dáadáa: àwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣí i. Ẹni tó bá já sítíkà náà, kó má gbé e padà wá bá àwọn.

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n," ni Dorothy ń sọ.

Ezekiel, àbúrò Adégòkè, kò fẹ́ dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní Ìbàdàn, iṣẹ́ ò sì tíì bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò fẹ́ràn Dorothy láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé. Ilé tí bàbá òun kọ́, obìnrin kan wá sọ yàrá iwájú rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí Adégòkè bá ti jáde, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á wo Dorothy títí, á sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Ilé bàbá mi lo jókòó sí." Á sì bá tirẹ̀ lọ. Dorothy kò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Ezekiel wọlé, ó tú áńkáṣíìfù kan sórí tábìlì. Mẹ́mọ̀rì ló wà nínú rẹ̀, pẹlẹbẹ kan tó gùn bí ìka ọwọ́.

"Bọ̀dá Ezekiel, níbo lẹ ti rí i?"

"Ṣé o fẹ́ kó ṣiṣẹ́, àbí o ò fẹ́?"

"Wáráńtì ńkọ́?"

"Ìwọ lo máa kọ́ mi níṣẹ́ mi?"

Adégòkè bọ́ sí àárín wọn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa là wọ́n. "Dorothy, jẹ́ kó ṣe é."

Ezekiel mú ọ̀bẹ, ó já sítíkà náà. Ó tú àwọn nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mú mẹ́mọ̀rì náà, ó sì dúró díẹ̀.

"Ó gbóná," ló wí.

Ó tì í wọlé. Ó dún kà.

Gbogbo kọ̀ǹpútà ìgbà náà ló máa ń ka mẹ́mọ̀rì rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun. Ẹ ó rí i tí nọ́ńbà ń sáré lójú rẹ̀ dúdú. Tó bá dé ibi tó yẹ, á dúró. Ti ọjọ́ náà dé ibi tó yẹ. Ó kọjá rẹ̀.

Ezekiel rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Ó pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ."

Nọ́ńbà náà ń lọ. Ìró kékeré kan ń bá a lọ, bí ìgbà tí kòkòrò ń jẹ igi àjà. Dorothy lọ ká aṣọ lórí okùn, ó padà wọlé. Ó ṣì ń kà. Ezekiel ò kúrò níbi tó wà. Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu náà ò padé.

"Ezekiel, pa á," ni Adégòkè wí.

"Kí n pa kí ni?"

"Kọ̀ǹpútà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Iná lọ lójijì. Fáànù rọra dúró. Rédíò ilé kejì dákẹ́. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́.

Nọ́ńbà náà ń lọ.

Adégòkè fa wáyà yọ lára ògiri. Ó dì í mú lọ́wọ́, ó ń wò ó. Ojú kọ̀ǹpútà ń tàn sí i lójú. Tik, tik, tik.

Nọ́ńbà náà wá dúró. Ezekiel yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tẹrí ba pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni tó wọ ilé onílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ibí?"

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà l'Ọ́yọ̀ọ́. Wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há. Ara rẹ̀ le koko. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, ó ń kí èèyàn, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí Dorothy bá gbé oúnjẹ fún un, á dìde dúró, á dúpẹ́. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìyẹn ló ń ba Dorothy lẹ́rù jù.

"Ìwọ lo ní ká ra kọ̀ǹpútà," ni Adégòkè sọ fún un. Láti ọjọ́ náà kò bá a jẹun pọ̀ mọ́.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà padà sí Ìbàdàn. Ṣàfíù, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á, yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Kò sẹ́ni tó ṣí i," ló wí.

Dorothy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Sítíkà pupa náà wà níbẹ̀ lódindi. Kò ya, kò tilẹ̀ ká létí.

Ṣàfíù fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Mẹ́mọ̀rì kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, èyí tí àwọn fúnra wọn fi sí i. Ó tàn án. Ó kà, ó dúró síbi tó yẹ.

"Wáráńtì yín ṣì pé. Kò sóhun tó ṣe é."

Adégòkè ki í lọ́rùn. "Àbúrò mi dà? Ẹ yọ àbúrò mi jáde!" Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló tì wọ́n síta, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà wọn lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n da aṣọ bò ó nílé. Ìjọ ṣì ń béèrè ìwé àjọ̀dún wọn tó wà lọ́wọ́ Dorothy, kò sì lè máa sá títí. Ó ká aṣọ náà lọ́sàn-án kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀wé. Kò dúró gbagidi mọ́. Ó ń yára, ó dùn ún lò. Dorothy gbé ọwọ́ sókè láti fi nu ojú.

Lẹ́tà ń jáde lọ láìsí ọwọ́ lórí bọ́tìnnì.

"Ilé bàbá mi lo jókòó sí."

Ó ké. Adégòkè sáré wọlé, ó kà á, ó jókòó. Ó fi ìka kan tẹ ìbéèrè kan sí i: kí ni orúkọ ajá tó já sínú odò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé? Kọ̀ǹpútà kọ orúkọ ajá náà gan-an. Adégòkè sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e sọnù," ni Dorothy bẹ̀ ẹ́.

"Tí o bá fọwọ́ kàn án, màá lé ẹ jáde nínú ilé yìí."

Bí ilé náà ṣe rí nìyẹn. Ọkọ á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa bá a rẹ́rìn-ín. Ezekiel á wà lẹ́yìnkùlé, á máa bó ẹ̀gẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́ àfi Dorothy.

Ìròyìn dé Awẹ́, ìyá wọn wá. Ezekiel rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, màmá. Ta lẹ ń béèrè?"

Ìyá náà di òpó mú. Ó wo Ezekiel láti òkè délẹ̀. Ó sì kọjá lára rẹ̀, ó wọ yàrá iwájú, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Adégòkè ti lọ sí oko. Dorothy nìkan ló wà níbẹ̀.

"Ezekiel," ni ìyá pè, jẹ́jẹ́.

Kò sẹ́ni tó tẹ ohunkóhun. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Màámi. Obìnrin yìí fún mi ní nǹkan jẹ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo jẹ ló sọ mí di báyìí. Ẹ má jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bá ẹ̀gbọ́n mi gbé mọ́."

Dorothy kà á tán. Kò sí oúnjẹ kankan lọ́jọ́ náà. Òun mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kò mọ̀wé. "Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ káàbọ̀, Màmá." Dorothy yíjú sí i. "Ó ní kí ẹ má sunkún."

Ìyá fi ìka rẹ̀ kan ojú kọ̀ǹpútà. Ó tọ ìlà àkọ́kọ́ dé òpin. Ó tọ ìkejì. Ó ń tọ̀ wọ́n lọ, kò kánjú. Ó wá yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí o kà lọ."

Dorothy kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Jókòó síbẹ̀," ni ìyá wí. "Ọkọ rẹ ń bọ̀ wá kà á fún mi."

Wọ́n gbọ́ tí Adégòkè ń so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́gi níta. Kọ̀ǹpútà náà ò tíì kọ ọ́ tán.