Ọ̀gbẹ́ni Tún-un-yà

Ẹ̀wù òjé ràgàjì kan ló kọ́kọ́ wọlé, kí ojú tó rí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ó ń ti ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara bọ̀ wá sí yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé, táyà ẹ̀rọ náà kan sì ń ké bí ẹni tí wọ́n ń yọ léyín. Nọ́ọ̀sì pòṣé. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró dè é.

Dókítà ti ti rọ́bà tín-ín-rín kan bọ iṣan apá ọmọ tuntun, kó lè gba ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọkàn. Oúnjẹ ọmọ náà ló máa gba inú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ ṣí i títí àwòrán yóò fi hàn pé orí rọ́bà wà níbi tó yẹ. Nọ́ọ̀sì na apá ọmọ sókè, ọkùnrin náà ya àwòrán. Ibi tó yẹ gan-an ni rọ́bà wà.

"A máa tún un yà," ni ọkùnrin náà wí.

"Kí ló dé? Ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé báyìí ni ọmọ ṣe máa ń na apá sùn? Ẹ gbé e wálẹ̀, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

"Ebi ń pa ọmọ, ẹ̀ ń bá mi ṣàròyé! Irú èèyàn wo lẹ tiẹ̀ jẹ́?"

Ó gbé apá náà wálẹ̀ tìbínú-tìbínú. Wọ́n tún un yà. Rọ́bà ti wọ inú ọkàn lọ! Dókítà fà á sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá dúró dáadáa. Ó wá yé nọ́ọ̀sì. Díẹ̀ ló kù kí òun fi ìkánjú pa ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Tún-un-yà," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rín. Mi ò rí i dáadáa."

Bí ìfẹ́ ṣe wọ àárín wọn nìyẹn. Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń wá sí yàrá yẹn láìgbé ẹ̀rọ kankan dání.

Ṣùgbọ́n ìyá nọ́ọ̀sì gbọ́, ó sì káwọ́ lérí. "Iná ẹ̀rọ yẹn ti jó o nínú! Kò lè bímọ!"

"Màámi, ẹ̀wù òjé tó ń dá iná náà dúró ló ń wọ̀."

"Bí kò bá séwu, kí ló ń fi òjé bò?"

Ta ló fẹ́ bá ìyá yìí jiyàn? Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, kò tiẹ̀ jà. Ó ní òun ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ, ó sì dẹ́kun wíwá. Ìyẹn ló wá sú nọ́ọ̀sì pátápátá. Ó lọ bá a níbi iṣẹ́.

"O lè bá mi jà nítorí apá ọmọ, o ò lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀ nítorí mi? Ó yá, dìde."

"Olólùfẹ́ mi, tí ohun tí wọ́n ń sọ bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

"Ìwọ ni mo fẹ́. Bí ọmọ bá dé, a ó gbà á. Bí kò bá dé, ìwọ náà ni mo fẹ́. Dìde!"

Àwọn méjèèjì lọ bá ìyá nílé. Ìyá ò tilẹ̀ jẹ́ kó kí òun tán. "Ṣé o lè bímọ?"

"Mi ò mọ̀, Mà. Mi ò tíì gbìyànjú."

Ìyá fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí ti sú mi," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ ṣègbéyàwó ná o, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú!"

Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ ọkùnrin náà mú níwájú ìyá rẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.