Máàpù Tí Ilenia Gbé Pamọ́

"Ọmọ Òkè ni ẹ́ àbí ọmọ Ìsàlẹ̀? Sọ ọ́ kí á gbọ́!"

Ruggero, ọmọ Òkè, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ dí ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì kí Ilenia má baà rí ibi gbà kọjá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó sórí àtẹ̀gùn bú sẹ́rìn-ín. Ilenia di búrẹ́dì mọ́ àyà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, láti kékeré sì ni ìbéèrè yẹn ti ń bá a fínra. Òkè ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, ilé bàbá ìyá rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìsàlẹ̀ ni bàbá rẹ̀ tó ti kú.

Ní Montelvago, ìlú wa tó wà lórí òkè ní ilẹ̀ Ítálì, ọ̀rọ̀ Òkè àti Ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìsun omi kan ló wà láàárín àdúgbò méjèèjì, àdúgbò tó bá sì ni ín ló ń gbé ère San Rocco, ẹni mímọ́ ìlú wa, síwájú lọ́jọ́ ọdún rẹ̀ nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì. Òkè ló ti ń gbé e láti ayébáyé. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ a máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, wọn a fajú ro bí ẹni ń lọ sìnkú. Settimio, bàbá àgbà Ilenia, sì ni olórí Òkè.

Lọ́sàn-án, bí Ilenia bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ilé ìkàwé ìlú ló máa ń lọ láti ran Màmá Delfina tó ń tọ́jú ibẹ̀ lọ́wọ́. Ilé ìkàwé náà ti pẹ́ láyé. Oníṣègùn kan tí kò bímọ ló fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kàwé máa wọlé, ìbáà jẹ́ ọlọ́lá, ìbáà jẹ́ darandaran. Nígbà tí ìjọba ti ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn tó ń dá gbé, pa, ìwé tiwọn náà bọ́ síbẹ̀: ìwé orin ràgàjì tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ní í gbé ọ̀kan, tí ojú ewé wọn jẹ́ awọ àgùntàn, tí wọ́n fi wúrà kùn lẹ́tà wọn, ìwé egbòogi tí wọ́n lẹ ewé gbígbẹ mọ́ inú rẹ̀. Nígbà ogun, ńṣe ni àwọn ará ìlú kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sáàárín àgbá wáìnì nínú yàrá abẹ́ ilé wọn, Òkè àti Ìsàlẹ̀ pọ̀. Ọ̀kan kò sọnù.

Nínú àpótí ìwé àwọn mọ́ńkì yìí ni Màmá Delfina ti rí máàpù kan. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó pe Ilenia.

"Wò ó dáadáa. Kí lo rí níbí?"

"Ìsun nìyẹn, Màmá. Ààlà sì nìyí, òkè ìsun ló gbà kọjá." Ilenia lanu. "Ah! Ìsàlẹ̀ ló ni ín!"

"Rọra, ọmọ mi. Tí ọdún bá ku ọ̀la, a ó fi han gbogbo ìlú. Títí dìgbà náà, inú ẹ ni kó wà o."

Kò wà nínú rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, Ilenia sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ilé ẹ̀kọ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, Ruggero ti gbọ́. Ìdí tó fi dí i lọ́nà nílé búrẹ́dì nìyẹn.

"A ò ní kó o sun máàpù yẹn," ni Ruggero wí, ó ti rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣáà gbé e pamọ́ títí ọdún á fi parí. Tó o bá ṣe é, ìwọ náà máa bá wa gbé ère. Ta ló tún máa pè ẹ́ lọ́mọ Ìsàlẹ̀? Àmọ́ tó ò bá ṣe é, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ bàbá ẹ ló ń ṣiṣẹ́."

Ó yẹ kí Ilenia dá a lóhùn pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dá rìn.

Lọ́jọ́ kejì, àlejò kan dé, Màmá Delfina jáde lọ pàdé rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí sílẹ̀ níwájú Ilenia láìwẹ̀yìn. Ọmọ náà ṣí àpótí. Ó fa máàpù yọ, ó ká a sí méjì, ó tún un ká, ó tì í bọ abẹ́ ẹ̀wù. Ó gbọ́ ìró kékeré kan, bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá kán.

Nígbà tó tú u wò nílé, ó ti ya ní gbogbo ojú ibi tó ká. Láàárín gan-an, níbi tí wọ́n ya ìsun sí, bébà ti rún dà bí eérú. Ilenia fi ọwọ́ bo ẹnu kí ìyá rẹ̀ má gbọ́ igbe rẹ̀. Ó kó o sẹ́yìn àgbá wáìnì bàbá àgbà.

Wọ́n wá máàpù tì. Ọlọ́pàá dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tún ti ìlú ńlá wá, olórí ìlú sì pe gbogbo èèyàn sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé.

"Ọwọ́ Delfina nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà," ni òṣìṣẹ́ náà wí. "Ẹ jẹ́ kó lọ sinmi nílé ná. Ní ti àwọn ìwé oníwúrà, àwa la máa kó wọn lọ. Ìlú tí kò lè ṣọ́ máàpù kan, báwo ló ṣe máa ṣọ́ wọn?"

Màmá Delfina ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ Ilenia rárá, èyí ló sì fọ́ ọmọ náà lọ́kàn. Ilenia dìde. Ruggero fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn: "Jókòó jàre! Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Èmi ni mo gbé e," ni Ilenia wí. "Màmá ò mọ nǹkan kan. Mo ti ba á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ariwo bẹ́ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Àwọn Ìsàlẹ̀ ń pè é lólè, àwọn Òkè ń pè é lọ́dàlẹ̀. Ruggero ti yọ́ jáde. Settimio wo bí Ruggero ṣe lọ, ó gbé fìlà rẹ̀, ó bá ọ̀nà lọ láìwo ẹ̀yìn.

Màmá Delfina padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ọkọ̀ wá kó àwọn ìwé orin lọ lójú gbogbo wa. Àwọn arúgbó ń sunkún ní gbangba. Àpótí tó ṣófo náà ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Oníṣẹ́ ọwọ́ kan tó mọ ìwé àtijọ́ tún ṣe lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí máàpù náà. Ihò kékeré ṣẹ́ kù láàárín, ṣùgbọ́n ààlà ṣì hàn kedere. Ilenia bẹ Màmá Delfina.

"Mo ti dárí jì ẹ́, ọmọ mi," ni ó dá a lóhùn. "Máa wá kàwé nígbàkigbà. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni mi ò lè fún ẹ mọ́."

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, Settimio wọ ilé ìkàwé pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Láti ìgbà ìpàdé, kò tíì bá ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ síwájú máàpù, ó wò ó títí. Ilenia dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Tiwọn ni," ni bàbá náà wí nígbẹ̀yìn. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń gbé ohun tí kì í ṣe tèmi." Ó yíjú sí Ilenia. "Ìwọ, o jalè, o sì jẹ́wọ́. Èyí tó le jù nínú méjèèjì, ìwọ nìkan lo ṣe é. Àwọn tó rán ẹ dà?"

Ilenia mi orí. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ní kí ẹ ba ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú jẹ́ kí òun tó gbà yín lọ́rẹ̀ẹ́, kò fẹ́ràn yín. Iṣẹ́ ló fẹ́ fi yín ṣe. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ìjẹ́wọ́ kò lè dá gbogbo ohun tó bàjẹ́ padà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí aláìṣẹ̀ ru ẹrù ẹlẹ́ṣẹ̀.

Lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, Settimio dúró síwájú ère, ó ké sí olórí Ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ bọ́ síbí, ẹ wá gbé e." Ó wá di ọwọ́ Ilenia mú lójú gbogbo Òkè, àwọn méjèèjì sì bọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń tẹ̀ lé e.