Àwòrán Ọmọ Inú Gíláàsì

"Ẹ kú ìrọ́jú o, Aránṣọ. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Obìnrin tí a jọ ń gbélé ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Orí àga gígùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni mo wà, mo mú ife kékeré tí mo fẹ́ fún wàrà ọyàn sí dání. Mo wo ojú fèrèsé: ọmọ mi wà nínú àpótí gíláàsì rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Omi wo ló dànù?

"Ta ló sọ fún yín pé ọmọ mi kú?"

"Họ́wù! Àwòrán rẹ̀ ti kárí fóònù gbogbo èèyàn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti lọ."

Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Inú bí mi gan-an.

Oyún náà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ tí omi fi ya lára mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo bí i. Ọmọ náà kò tó kílò kan, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé mò ń rí iṣan abẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi: mò ń bínú sí ara mi tí kò lè gbé e pẹ́, mò ń bínú sí àwọn tó ń wí pé "ẹ ṣe sùúrù" tí wọ́n sì ń yọjú wo aago. Wàrà nìkan ni mo lè fún un. Ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, nọ́ọ̀sì á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé e gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn. Ó ní inú ọmọ náà kò tíì lè gba wàrà inú agolo.

Mo fún ọyàn títí ó fi ń ta mí. Ẹ̀kán kan kò jáde. Nọ́ọ̀sì wo inú ife, ó wo ojú mi, ó sì yí padà.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dé pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀. Òun nìkan ló bá mi wọlé sí ọ̀dọ̀ ọmọ náà lánàá.

"Má kí mi! Ṣebí wọ́n ní kí a máa fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé? Ibo lo fi tìrẹ pamọ́ sí lánàá?"

"Inú ìbọ̀sẹ̀, Màmá." Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló ní irọ́ ni mò ń pa, pé oyún yín ò tíì tó bí. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fi ránṣẹ́ sí. Ó búra pé òun ò ní fi han ẹnikẹ́ni."

"Ẹnì kan ṣoṣo! Wo inú ife yìí. Oúnjẹ àbúrò rẹ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n ti sin ọmọ mi lójú mi, wàrà sì sá."

Ó bú sẹ́kún.

"Ẹkún kọ́ ni mo ní kí o sun. Pè wọ́n. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Níṣojú mi."

Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Àbúrò mi ò kú. Èmi ni mo fi àwòrán rẹ̀ síta, kò sì yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Pa á rẹ́." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ eku ni òun pè é. Ọmọbìnrin mi kò gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ìyá mi ni. Ó ń mí."

Obìnrin tí a jọ ń gbélé ni ọmọbìnrin mi pè kẹ́yìn. "Ẹ má bínú, mà. Omi kankan ò dànù. Àbúrò mi wà láàyè."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni mo ti rí i pé iwájú bùbá mi ti tutù. Wàrà ti dé. Mo sáré gbé ife. Inú ṣì ń bí mi, ìbínú náà ni mo sì fi ń fún un, títí ó fi tó ṣíbí kan.

Nọ́ọ̀sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin mi fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó sì lọ dúró ti àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ẹ bá mi sọ fún fóònù yín náà.