Apá Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Ń Fẹ́ Sí

Èsì àyẹ̀wò ikọ́ Bọ́dúndé dé ilé ìwòsàn ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì tó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì Mercy pe Mojírádé, ọmọbìnrin Emùré tó máa ń bá wọn wá àwọn aláìsàn kiri abúlé.

"Ikọ́ ife ni," ni nọ́ọ̀sì wí. "Irú èyí tí oògùn àtijọ́ kò ràn mọ́. Oògùn tuntun ti wà nílẹ̀ fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí i lò, Mojí, ikọ́ yìí á pa á. Lọ wá a rí."

Ọlọ́kadà kan ló júwe oko kòkó Bàbá Bámgbóyè, ẹ̀gbọ́n ìyá Bọ́dúndé tó tọ́ ọ dàgbà, lẹ́yìn Emùré. Ibẹ̀ ni Mojírádé ti kọ́kọ́ rí i: ọkùnrin gíga kan tó ti rù kan egungun, tó jókòó ti òkìtì kòkó pupa, tó di àdá lọ́wọ́. Oòrùn ń gba àárín ewé kán sí i léjìká. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ mọ́ lóló débi pé Mojírádé gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Dúró!" ni ọkùnrin náà ké. "Má gba ibẹ̀ yẹn wá. Apá ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ikọ́ mi sí. Yí gba ìdí ọsàn yẹn bọ̀."

Ó yí gba ìdí ọsàn. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì rí aláìsàn tó kọ́kọ́ bẹ̀rù nítorí tirẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin ni mo wá wá?"

"Ta ló tún ń wọ bàtà funfun wá sóko kòkó lẹ́yìn òjò, bí kì í ṣe èrò ọsibítù?"

Mojírádé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ti di kìkì ẹrẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Bọ́dúndé gbà láti lo oògùn náà. Láràárọ̀ ni Mojírádé ń lọ wò ó bó ti ń gbé e mì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ìtọ́jú rẹ̀ wí. Yóò bo imú, yóò jókòó sí ìdí ọsàn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ káàárọ̀" fi di "ṣé o jí ire?"

Oògùn tuntun náà lè da ọkàn ènìyàn láàmú, nítorí náà wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo ti Bọ́dúndé lóòrèkóòrè.

"Nọ́ọ̀sì ní ọkàn mi ń sáré jù," ló wí lọ́jọ́ kan. "Mo ní kó kọ́kọ́ lé Mojí kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kó tó tún un wò."

"Òpùrọ́!"

"Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ."

Ọjọ́ yẹn náà ló sọ bí ikọ́ rẹ̀ ṣe le tó bẹ́ẹ̀. "Èmi àti Bàbá la jọ ń wúkọ́ nígbà kan, èmi nìkan ni mo sì gba oògùn. Bàbá ní nínú ulé òun, ẹnìkan kì í dá jẹ. A pín in sí méjì. Ara wa yá, a rò pé ó ti tán."

Mojírádé káwọ́ lérí. "Ẹ ò pa kòkòrò náà. Ẹ kọ́ ọ ní ìjà ni."

Nílé, ìyá Mojírádé ti gbọ́ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń fi ọkàn sí.

"Àbúrò mi ni ikọ́ yẹn gbé lọ," ló wí. "Iṣẹ́ ni mo ní kí o lọ ṣe, n kò ní kí o lọ yan ọkọ. Bí o bá fẹ́ ẹ, má pè mí ní ìyá mọ́."

Mojírádé bọ́ sóde. Ohun mìíràn ló gbé e lọ́kàn: ikọ́ Bọ́dúndé tó ti ń lọ sílẹ̀ tún ti ń gbéra. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ́dúndé ju oògùn sẹ́nu, ó mu omi, ó sì yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Pe orúkọ mi," ni Mojírádé wí.

Orí nìkan ni Bọ́dúndé mì.

"La ẹnu!"

Oògùn ṣì wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀; ó tu ú sí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ahéré, Bàbá Bámgbóyè ń wúkọ́, ikọ́ tí bàbá náà ń pè ní ikọ́ àgbà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ tún ń pín in?" ni Mojírádé béèrè.

"Òun ló tọ́ mi, Mojí. Ṣé kí ara mi máa yá, kí òun máa kú lójú mi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó kú! Bí kòkòrò yìí bá tún mọ ìjà eléyìí, kí ni n óò gbé wá fún ọ?"

Bàbá Bámgbóyè ti jáde. Mojírádé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ wá ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n á fún yín ní tiyín."

Bàbá wo oògùn tó ti tutù ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀.

"Gbé e mì, ọmọ mi. Nínú ulé mi, o gbọ́dọ̀ dá ìyẹn jẹ."

Bàbá lọ sí Ìkẹ́rẹ́, wọ́n rí ikọ́ ife lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ oògùn tirẹ̀. Ó wá ku èsì àyẹ̀wò tuntun Bọ́dúndé. Bí fóònù Mojírádé bá dún, á sáré gbé e. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí Nọ́ọ̀sì Mercy tó pè é: kò sí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Bọ́dúndé mọ́. Kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ lo oògùn náà tán.

Mojírádé sáré lọ sóko. Bọ́dúndé gbọ́ ìròyìn náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wolẹ̀.

"Mo gbọ́ ohun tí ìyá rẹ wí. Oògùn yìí ń mú ẹsẹ̀ mi jó mi wìnnìwìnnì, n kò mọ̀ bóyá agbára mi á padà. Má bá ìyá rẹ jà nítorí mi. Máa lọ, olólùfẹ́ mi."

Mojírádé dìde nídìí ọsàn. Ó tú ohun tó fi bo imú, ó kọjá níwájú rẹ̀, ó sì jókòó sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

"Mo ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí," ló wí. "Ó sunkún, kò sì tíì gbà. N kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo yàn, Bọ́dúndé. Màá máa wò ọ́ bí o ti ń gbé oògùn yìí mì títí yóò fi tán, lẹ́yìn náà màá fẹ́ ọ."